Wàrà Àkọ́kọ́ Màlúù àti Àwọn Àrùn Tí Ara Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Ìyẹ̀fun kan wà tí a ń tà nínú ìgò ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Wàrà àkọ́kọ́ tí ń jáde lọ́mú màlúù lẹ́yìn tí ó bá bímọ ni a gbẹ, tí a sì sọ di ìyẹ̀fun náà. Àwọn tí ń tà á a máa sọ pé ó ń wo làkúrègbé líle, egbò inú ìfun àti àrùn lupus. Bí ọmọ Ìdógún kan tí ó wà lókè òkun bá rà á, tí ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tí oríkèé ọwọ́ ń wú, ìfẹ́ ni ó fi ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá náà tó pò ó mu, ó yẹ kí a mọ èyí tí a ti rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ìpolówó ọjà lásán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wàrà yìí ń ṣe fún ẹni tí ó ni ín gan-an, èyíinì ni ọmọ màlúù. Nínú aboyún ènìyàn, àwọn èròjà tí ń bá àrùn jà a máa gba inú ibi-ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ń bá wọn wá sáyé. Ti màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi-ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá, nítorí náà ọmọ màlúù ń wá sáyé bí ọmọ-ogun tí kò ní apata. Inú wàrà ọjọ́ kìíní, tí ó ki, tí ó sì pọ́n rúsúrúsú, ni ìyá rẹ̀ kó ohun ìjà náà sí. Ìfun ọmọ náà a máa ṣí sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan péré kí wọ́n lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìdà. Lẹ́yìn èyí ilẹ̀kùn a tì. Ìfun àgbàlagbà ènìyàn kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá mu, inú rẹ̀ yóò dà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń da ẹran àti ẹ̀wà. Díẹ̀ nínú èròjà náà lè ṣẹ́kù kí ó ṣiṣẹ́ nínú ìfun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè retí pé kí ó rìn dé orúnkún.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Ní 1997, Davies-Adetugbo tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìfọ́mọlọ́mú ní àwọn abúlé Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó rí i pé àwọn ìyá a máa ka omi ọmú àkọ́kọ́ sí ìdọ̀tí, wọn a sì fún un dànù. Àwa tí a da ti ìyá wa nù ni a wá ń fi owó ra ti màlúù!

Kí ni àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà? Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí wọ́n lé ọ̀tá jáde ni wọ́n ṣi onílé mọ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a: ní oríkèé, ní kíndìnrín, ní awọ ara. Ìbàdàn ní ipò pàtàkì nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Brian Greenwood, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì níbẹ̀, kọ̀wé ní 1968 pé nínú àwọn aláìsàn tí ó lé ní 98,000 tí a dá dúró síbẹ̀ láti 1957 dé 1966, díẹ̀ lé ní 100 péré ni a rí irú àrùn bẹ́ẹ̀ lára wọn. Ó rò ó pé ibà àti aràn tí ń bá wa gbé ni ó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà níṣẹ́ ṣe. Ní 1970, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò ibà dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ dúró lára eku. Ní tèmi, mo rò pé a kò dá púpọ̀ mọ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Ní 2009, Adelowo àti Oguntona tẹ ìròyìn aláìsàn lupus 66 jáde ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà sì ń ní àrùn náà ju àwọn funfun lọ. Kì í ṣe àrùn òyìnbó.

Nípa wàrà náà fúnra rẹ̀, ìdánwò tí a sábà ń tọ́ka sí ni èyí tí Khan, Playford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, lára aláìsàn 14 tí wọ́n ní egbò ní ìsàlẹ̀ ìfun. Ara àwọn tí a fún ní wàrà náà yá ju ti ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wọn kò mu ún, láti ìdí ni a ti fà á sí wọn nínú, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn kò sì fi oògùn wọn sílẹ̀. Ènìyàn 14 kò tó ohun tí a fi ń dá irú ẹjọ́ yìí. Ní Bangladesh ní 1998, wàrà àkọ́kọ́ àwọn màlúù tí a ti gún lábẹ́rẹ́ nítorí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, èyí sì bá ohun tí mo sọ ṣáájú mu, pé inú ìfun ni agbára rẹ̀ wà. Fún lupus àti làkúrègbé irú èyí, kò sí ìdánwò ńlá kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Bí àwọn olùtajà bá sì ní ó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lágbára, ẹ bi wọ́n pé: àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó ti ń ṣá onílé, agbára ni wọ́n ṣaláìní bí?

Ní ti ewu, ìyẹ̀fun tí a ṣe dáadáa kì í sábà ṣe àgbàlagbà ní ju inú wíwú tàbí inú ṣíṣí lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ wàrà kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Tútù ni ó léwu. Bí ẹnìkan bá ní òun kò lówó ìgò, tí ó lọ bá àwọn Fúlàní darandaran pé kí wọ́n fún òun ní wàrà màlúù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó lè bá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù pàdé, tàbí kòkòrò tí ń ṣẹ́ oyún màlúù, tí ó sì ń fún ènìyàn ní ibà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ní 2006, Cadmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù lára ènìyàn ní Ìbàdàn. Ẹni tí oògùn ilé ìwòsàn ti rọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni irú èyí tètè ń gbé dè. Bí a bá sì sè é títí ó fi hó, kòkòrò kú, ṣùgbọ́n èròjà tí a tìtorí rẹ̀ wá a bàjẹ́ pẹ̀lú, wàrà náà a sì dì bí ẹyin sísè. Ní oko màlúù ńlá, ìwọ̀n ooru 60 fún ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n ń lò, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ààrò onígi. (Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ewé bòmubòmu dì ń tà fún wa, iná ti rí i, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.)

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ìgò tí a tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì. Ẹni tí ó ti ń lo prednisolone pẹ́, tí ó dá a dúró lójijì, lè dákú, kí ó sì kú, nítorí ara rẹ̀ ti dẹ́kun pípèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lupus sì lè máa jẹ kíndìnrín láìsí ìrora kankan. Inú ìtọ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, kí ìyá wa ní Ìdógún gbé ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, kí ó fi han dókítà, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí dókítà bá ní kò léwu, kí ó máa mu ún bí oúnjẹ. Kí ọmọ rẹ̀ náà kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ àti owó oògùn oṣù tí ń bọ̀ ránṣẹ́ kí ó tó ra ìgò kejì.