Oúnjẹ tán mọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́ nínú igbó Amẹ́ríkà, àmọ́ ọdún kejì ló padà wá!

Emma Gatewood lorúkọ ìyá tí à ń wí yìí, ọmọ ìpínlẹ̀ Ohio nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọmọ mọ́kànlá ló bí, ojú rẹ̀ sì rí màbo nílé ọkọ, nítorí lílù ni ọkùnrin náà ń lù ú bí ẹni lu bàrà, kó tó di pé wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Lọ́dún 1954, tó ti pé ẹni ọdún 66, màmá palẹ̀ ẹrù mọ́, kò sọ fún ọmọ kankan, ó kọrí sí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine.

Ó ti kà nípa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail nínú ìwé ìròyìn National Geographic. Inú igbó àti orí òkè lọ̀nà náà gbà, ìpínlẹ̀ 14 ló là kọjá, ó sì gùn tó máìlì 2,190 lónìí. Ó ju kéèyàn fẹsẹ̀ rin láti Èkó dé Kánò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ!

Màmá ò tíì rìn jìnnà tó fi ṣìnà. Awò ojú rẹ̀ fọ́, oúnjẹ inú àpò rẹ̀ tán. Nígbà tó jàjà pàdé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé o. Ó gbà, ó padà sí Ohio.

Ẹlòmíì á ní ṣé kò lè di oúnjẹ púpọ̀ dání ni. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó tó kílò kan lójúmọ́, oṣù márùn-ún sí méje sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn ín já. Ẹ fi ọjọ́ 150 ṣírò ẹ̀, àpò ìrẹsì oní-50 kílò mẹ́ta ni. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn gun òkè? Nítorí náà, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń gbé, wọ́n á sì ti mọ ìlú tí wọ́n á ti yà ra òmíràn kó tó tán.

Oúnjẹ tó bá lómi nínú, ẹrù lásán ni. Èyí tó lọ́ràá ni wọ́n ń wá, torí gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ìyẹ̀fun ò ju 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà lílọ̀ àti ṣokoléètì kì í fi í wọ́n nínú àpò wọn. Ẹni tó bá ti fi gàrí àti ẹ̀pà rìnrìn-àjò rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan máa ń di oúnjẹ sí páálí kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí pósófíìsì àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n á kọ orúkọ ara wọn àti ọjọ́ tí wọ́n máa débẹ̀ sí i lára. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó bá dé lálẹ́ Sátidé á sùn síbẹ̀ di Mọ́ńdè ni. Àti pé ta ló lè jẹ oúnjẹ kan náà fún oṣù márùn-ún? Kó tó pé oṣù méjì, ohun tí wọ́n fowó ara wọn rà á ti sú wọn. Lójú tèmi, àwọn tó ń rajà nílùú, tí wọ́n ń fi páálí ránṣẹ́ síbi tí kò ti sí ṣọ́ọ̀bù gidi nìkan, àwọn ló gbọ́n jù.

Ibi tó le jù ni igbó kan ní Maine, lẹ́yìn ìlú kékeré tó ń jẹ́ Monson. Ọgọ́rùn-ún máìlì gbáko, kò sí ìlú, kò sí ọjà. Àkọlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ẹni tí kò bá ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ má wọlé. Àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n fi mọ́tò gbé ike oúnjẹ pàdé wọn láàrin igbó. Inú igbó yìí náà ni oúnjẹ ti tán mọ́ Màmá Gatewood lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, 1955, ó tún gbéra. Ó ní òun fẹ́ nasẹ̀ jáde ni! Georgia ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Sọ́séèjì inú agolo kéékèèké, ẹ̀pà, èso àjàrà gbígbẹ àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú wà lára ohun tó kó sínú àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Tó bá ti ń tán, á yà wọ ìlú. Tó bá rí èso igbó, á ká a. Tó bá rí ilé, á kanlẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn gbọ́, tí wọ́n gbé e jáde, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí náà ń fún un lóúnjẹ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ló dé orí Katahdin, ọjọ́ 146 ló fi rìn ín. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó dá ọ̀nà náà rìn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún rìn ín lọ́dún 1957, ó sì tún rìn ín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún 1964. Ẹni ọdún 85 ni nígbà tó kú lọ́dún 1973.