Ṣé àrá ló ń pani ni àbí mànàmáná?

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń ṣú ní Ẹ̀júkù níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àrá kì í wọ́n lẹ́nu wa. Yorùbá ní mànàmáná kọ, àrá sán. Ṣùgbọ́n bó bá pa èèyàn, ẹ ó gbọ́: "Àrá ló pa á." Ẹ wò ó, ìró ni àrá. Mànàmáná ló ń pani: iná tó mú afẹ́fẹ́ gbóná lójijì, tí afẹ́fẹ́ náà sì bú gbàù.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mànàmáná káàkiri ayé kì í dúró de àrá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà.

Èkíní wà lórí ilẹ̀. Mànàmáná máa ń tú ìgbì rédíò jáde. Òun ló ń mú kí rédíò yín máa há nígbà òjò. Ìgbì yìí lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Àwọn eríàlì World Wide Lightning Location Network, tí Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ń bójú tó, máa ń kọ àkókò tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìyàtọ̀ àkókò yẹn ṣírò ibi tó ti kọ.

Èkejì wà lójú ọ̀run. Sátẹ́láìtì MTG-I1 ti àwọn ará Yúróòpù gbéra ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, ó kọjú sí Áfíríkà àti Yúróòpù. Kámẹ́rà mẹ́rin rẹ̀ ń ya àwòrán 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tọ̀sán tòru.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó kù sí. Sátẹ́láìtì ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti mọ èyí tó kanlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kọ sínú ìkùukùu. Eríàlì máa ń gbọ́ èyí tó lágbára, àwọn tí kò lágbára sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa méjèèjì pọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Bí àrá bá pa èèyàn lóko, àwọn kan á ní ó ti jalè. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi hàn pé ìjì kan ṣoṣo lè kọ mànàmáná lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ga àti ẹni tó dá dúró ní gbangba ló sábà ń bá, kì í wo ìwà.

Ní bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìró àrá á ti rin kìlómítà kan. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti wà nítòsí ewu. Ẹ má sá sábẹ́ igi o. Ẹ wọ ilé tàbí ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró níbẹ̀ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.