Bí Ẹ̀rọ Ìgbowó Inú Ìsọ̀ Ṣe Ń Bá Kọ̀ǹpútà Sọ̀rọ̀

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti wọ ilé ìtajà ńlá ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí ẹ sì ti rí ọmọbìnrin tí ó jókòó ní ìdí kántà, tí ó ń gbé ọjà kọjá níwájú iná pupa kan, tí ẹ̀rọ sì ń ké ṣókí bí ọjà kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá. Ohun tí ojú kì í sábà rí ni wáyà tí ó ti ara ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kọ̀ǹpútà wà. Ọ̀rọ̀ tí ń gba inú wáyà náà lọ, tí ó sì ń gba ibẹ̀ bọ̀, ni a fẹ́ ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé bí ó bá já ní agbedeméjì, ọmọ ọlọ́mọ lè di olè lójú ọ̀gá rẹ̀ láìmú kọ́bọ̀.

Ẹ̀rọ ìgbowó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. James Ritty, ẹni tí ó ní ilé ọtí ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, àti arákùnrin rẹ̀ John, ni wọ́n ṣe é ní ọdún 1879, nítorí pé àwọn tí ń bá James ta ọtí ń fi owó rẹ̀ sápò ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kò mọ̀ ju owó lọ: ó lè sọ iye tí ó wọlé, kò lè sọ bóyá ọṣẹ ni a tà tàbí sáàdínì. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú àmì onílà dúdú àti funfun tí ó wà lára ọjà lónìí, èyí tí à ń pè ní bàkóòdù. Ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, tí kò jìnnà sí Dayton yìí kan náà, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣìngọ́ọ̀mù Wrigley ni ọjà náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye owó ni ó wà nínú àwọn ìlà wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ọjà lásán ni. Èyí tí a bá gbà ní Nàìjíríà a máa fi 615 bẹ̀rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni iye owó wà, òun ni ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo kántà, pẹ̀lú orúkọ ọjà àti owó-orí rẹ̀. Nígbà tí owó-orí VAT gòkè láti 5 sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020, ilé ìtajà tí ẹ̀rọ rẹ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe àtúnṣe náà níbì kan ṣoṣo. Bí kántà kan kò bá sì gbọ́, oníbàárà méjì yóò ra irú ọjà kan náà ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Kántà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti rán padà: ohun tí a tà, iye rẹ̀, àti wákàtí tí a tà á. Ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì fi ń mọ̀ pé àwọn gbọ́ ara wọn kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti dá àjọ rí. Alájọ a sàmì sí ìwé tirẹ̀, a sì sàmì sí káàdì ẹni tí ó sanwó, kí méjèèjì lè bá ara mu. Bákan náà, ẹ̀rọ tí ó ń ránṣẹ́ a ṣírò àwọn nọ́ńbà inú iṣẹ́ náà, a sì fi èsì ìṣirò rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò tún un ṣírò fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bá ara mu, yóò dáhùn pé òun ti gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ní kí ó tún un wí.

Nínú ìdáhùn yìí gan-an ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí á wí pé kántà kan ta ọjà ₦84,000, ó ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì gbà á. Ṣùgbọ́n iná ṣẹ́jú (iná wa kò sì ṣòro rárá láti ṣẹ́jú), ìdáhùn kò dé. Kántà yóò rò pé wọn kò gbọ́ òun, yóò sì tún iṣẹ́ náà rán. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò di ₦168,000, wọn yóò sì máa bi ọmọbìnrin ìdí kántà léèrè ₦84,000 tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Ìdí nìyí tí ọjà títà kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kántà àti nọ́ńbà tẹ̀léǹtẹ̀lé tirẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá ti rí tẹ́lẹ̀, kò ní kà á mọ́.

Ìparí iṣẹ́ ọjọ́ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ìròyìn tí à ń pè ní X a máa ka àkọsílẹ̀ láì pa á rẹ́. Èyí tí à ń pè ní Z a kà á tán, a sì dá àròpọ̀ ọjọ́ náà padà sí òdo. Ọ̀gá tí ó bá mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n tẹ Z kí kọ̀ǹpútà tó jẹ́wọ́ pé òun ti gba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá kánjú, tí àkọsílẹ̀ sì sọnù, kọ̀ǹpútà yóò máa ka ọjà tí a ti tà mọ́ èyí tí ó ṣì wà lórí pẹpẹ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọn yóò sì fura sí.

Nọ́ńbà tẹ̀léǹtẹ̀lé tí a mẹ́nu bà yìí a máa wà lára rìsíìtì tí a ń fún oníbàárà. Ẹni tí ó bá rí i pé wọ́n gba owó ọjà kan lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì, kí ó mú rìsíìtì náà padà lọ. Nọ́ńbà náà ni ọ̀gá ilé ìtajà yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti rí kántà, wákàtí àti ọjà tí ọ̀rọ̀ náà kàn.