Ọ̀dà tó ta sára ilẹ̀kùn àti àga: Ẹ fi ẹ̀sọ̀ yọ ọ́, kó má baà ba igi àti ìlera jẹ́

Tó bá ti ku oṣù kan kí ọdún dé, ọwọ́ àwọn pẹ́ńtà máa ń dí gan-an. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ń kun ilé, ẹni tó fẹ́ ṣe òkú àgbà náà ń kun ilé. Àmọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbowó wọn tán tí wọ́n lọ, ìgbà yẹn ni onílé máa ń rí i pé ọ̀dà ti ta sára ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, ọwọ́ àtẹ̀gùn àti àga tí wọn kò bò dáadáa, ó sì ti gbẹ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á mú abẹ, ìyá á bu epo bẹntiróòlù sínú ife, wọ́n á sì ní kí ọmọ fi sáńpépà máa ha á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara igi ti bó, eruku ti gba inú ilé, ìyá àgbà tí kì í mí dáadáa tẹ́lẹ̀ sì ti ń wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀, ohun tó fẹ́ ni sùúrù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tó jẹ́

Ọ̀nà méjì ni ọ̀dà inú ilé pín sí. Ẹ̀múlíṣàn ni wọ́n máa ń fi omi pò, òun ni wọ́n ń fi kun ògiri. Gílọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń fi kẹrosíìnì tàbí tíńnà là, òun ni wọ́n ń fi kun irin àti ilẹ̀kùn. Tí ẹ kò bá mọ èyí tó ta sára igi yín, ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì díẹ̀ nu ẹ̀kán kan. Tó bá rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń wá sára òwú, ẹ̀múlíṣàn ni. Tí kò bá mira, gílọ́ọ̀sì ni. Àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ àga, níbi tí ojú kò tó, ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán sípíríìtì wò, torí pé ó máa ń yọ́ àwọn pọ́líìṣì kan tí káfíńtà fi ń dán igi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò lágbára

Ohun àkọ́kọ́ ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ. Ẹ rẹ àkísà sínú rẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ojú ọ̀dà náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tàbí káàdì ike tí ẹ kò lò mọ́ tì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀lé ibi tí ìlà igi dorí kọ. Ẹ má lo ọ̀bẹ, ẹ má sì lo abẹ. Tó bá ti ṣí, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ kíá, nítorí pé omi máa ń mú kí pákó aláwẹ́ wú.

Tí omi kò bá ràn án, tó sì jẹ́ ẹ̀múlíṣàn ni, ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì nu orí ẹ̀kán náà nìkan. Tó bá jẹ́ gílọ́ọ̀sì, ẹ fi òróró ìdáná díẹ̀ pa á, kí ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tó tún fi káàdì tì í.

Tíńnà ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ìwọ̀nba tí yóò tutù lára òwú ti tó, torí pé ó lè ká fáníìṣì kúrò lára igi. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ pa sítóòfù, àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀. Kí aboyún, ọmọdé àti ẹni tí èémí rẹ̀ kì í dáa jáde kúrò níbẹ̀. Bẹntiróòlù ní tirẹ̀, ẹ má lò ó rárá. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń gbà rìn títí yóò fi kan iná ní yàrá kejì.

Èyí tó kan àwọn ọmọ

Inú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ni òjé wà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ara, ọpọlọ àwọn ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 ni òjé pa. Kì í ṣe ọ̀dà ló fà á níbẹ̀, eruku ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ni, àmọ́ òjé kan náà ni. Lọ́dún 2021, àjọ NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú 1,000,000 lọ. Òfin yẹn dára, ṣùgbọ́n kò yọ èyí tó ti wà lára ilẹ̀kùn ilé bàbá yín tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, tí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára igi, ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ rẹ ẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nu eruku rẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kí gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Ẹ má sì rọ tíńnà tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní epo pupa. Tó bá bì í, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn ló sì ń pa ọmọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má gun àga láti yọ èyí tó wà lókè férémù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ṣe é. Tí òróró bá sì kán sílẹ̀, ẹ nù ún kíá, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá tún fẹ́ kun ilé, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ọ̀rá bo gbogbo igi, kí ẹ sì bá pẹ́ńtà ṣe àdéhùn pé yóò nu èyí tó bá ta sílẹ̀ kó tó gbẹ. Nígbà tó ṣì tutù, àkísà àti omi ti tó fún ẹ̀múlíṣàn. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.