Ẹ Wo Ọwọ́ Yín Kí Ẹ Tó Ra Máṣìn

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù ni pé, irú máṣìn rotary wo ni kí ẹ rà? Èmi náà á bi yín: báwo ni ọwọ́ yín ṣe yá tó?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táàtù, mo ra èyí tí stroke rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4, torí ọ̀gá mi ń lò ó. Ìlà gbọọrọ ni ọ̀gá ń fà, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Èmi, òjìji ni mò ń kùn díẹ̀díẹ̀. Mo gbé iná sókè sí fóltì 9, ọwọ́ mi ń falẹ̀, abẹ́rẹ́ ń gún ojú kan léraléra. Awọ oníbàárà mi bó. Nígbà tó jinná, ó di àpá tó wú. Títí dòní, ojú ń tì mí tí mo bá rí apá yẹn.

Stroke ni ibi tí abẹ́rẹ́ ń rìn dé ní lílọ sókè sódò. Kì í ṣe bó ṣe ń wọnú awọ tó. Ọwọ́ yín ló ń pinnu ìyẹn, mílímítà 1 sí 2 náà ló mọ. 2.5 tàbí 3 dára fún òjìji, 3.5 ń ṣe tibí ṣe tọ̀hún. 4 sókè wà fún ìlà.

Iná ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lórí awọ àtọwọ́dá. Bí ìlà bá ń jáde ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ẹ fi díẹ̀ kún iná, tàbí kí ẹ dẹ ọwọ́. Bí awọ bá ń bó, ẹ dín iná kù. Ẹ má yí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Awọ dúdú tiwa a máa tètè yọ àpá. Máṣìn ṣeé pààrọ̀, awọ èèyàn kò ṣeé pààrọ̀. Ó dìgbà kan ná.