AṢỌ ALẸ́ LÓRÍ OMI
Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ará Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà wí pé, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọ́n sì tún wí pé, ohun tí ó yẹ ni ni ó yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Òwe méjèèjì yìí ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí òkun Ìlàjẹ. Irú aṣọ wo ni ó yẹ kí ènìyàn wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi?

Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n oríṣi ènìyàn méjì ni ìbéèrè yìí kàn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lónìí. Èkíní ni bàbá tàbí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ náà sì ti san owó kí òbí rẹ̀ lè bá ọkọ̀ afẹ́ ńlá rìn kiri òkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èkejì, tí ó pọ̀ ju èkíní lọ jọjọ, ni ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èbúté Ìgbòkòdá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti lọ bá wọn jẹ àsè ìgbéyàwó tàbí àsè ìsìnkú àgbà ní Ùgbònlà tàbí ní Ayétòrò, tí yóò sì máa padà bọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ọkọ̀ ti èkíní tóbi bí ìlú. Ọkọ̀ ti èkejì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ èrò lè kan omi. Síbẹ̀, òfin kan náà ni ó de àwọn méjèèjì.

Bí Àwọn Aṣáájú Wa Ti Ṣe É

Kí ọkọ̀ òfúrufú tó gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń bá lọ sí ìlú Liverpool. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ náà di olókìkí ní Èkó: Accra tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol ní 1951. Wọn a máa yà sí Takoradi, sí Freetown àti sí Las Palmas lójú ọ̀nà, ìrìn náà a sì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Aureol ni ó kẹ́yìn wọn. Ní ọdún 1974 ni òun náà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn èrò kíláàsì kìíní a máa pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó jókòó sí ìdí oúnjẹ alẹ́. Ọkùnrin a wọ kóòtù dúdú tàbí funfun pẹ̀lú táì kékeré tí ó dàbí labalábá. Obìnrin a wọ ẹ̀wù gígùn. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú àwọn ọkọ̀ òkun ìgbà náà tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa fi sí ọkàn: ní alẹ́ àkọ́kọ́ àti ní alẹ́ ìkẹyìn, a kì í wọ aṣọ àsè. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, a kò tíì tú ẹrù. Ní alẹ́ ìkẹyìn, a ti di ẹrù. Àwọn tí wọ́n mọ omi gbà pé ọjọ́ ìgbéra àti ọjọ́ ìgúnlẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìṣoge. Ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà, kí ó múra bí arìnrìn-àjò. Ẹni tí ó bá ti dé ibi àsè, kí ó múra bí ẹni tí ó wá jẹ àsè. A ó tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kékeré.

Bí Ọmọ Yín Bá Pè Yín Sí Ọkọ̀ Afẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀, nítorí àṣà wọn kò dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ Cunard, tí ó ni ọkọ̀ Queen Mary 2 tí ó máa ń gbéra láti Southampton, a máa ya àwọn alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àsè ńlá. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń retí pé kí èrò tí yóò jẹun nínú gbọ̀ngàn ńlá múra dáradára. Ilé-iṣẹ́ Norwegian Cruise Line, ní tirẹ̀, kì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni wọ aṣọ àsè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù wà ní àárín àwọn méjì yìí. Ní alẹ́ tí kì í ṣe alẹ́ àsè, ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù tí ó mọ́ tó fún ọkùnrin, ìró àti bùbá lásán sì tó fún obìnrin.

Ẹ má ṣe yá owó ra kóòtù dúdú. Aṣọ ìbílẹ̀ tí a ń wọ̀ sí ayẹyẹ jẹ́ ohun ìtẹ́wọ́gbà nínú irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, agbádá aṣọ-òkè kò sì rẹlẹ̀ sí kóòtù ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kù ni kí a fi ọgbọ́n yan èyí tí a ó dì sínú àpótí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò fi àyè gba áyọ́ọ̀nù nínú yàrá èrò, nítorí ìbẹ̀rù iná. Nítorí náà, aṣọ tí a fi sítáàṣì sí, tí kò lè ṣe láìlọ̀, yóò kó ìtìjú bá ẹni tí ó gbé e lọ. Aṣọ-òkè tí a ká dáradára yóò jáde bí ó ti wọlé. Agbádá kan tó fún alẹ́ àsè méjì, bí a bá pààrọ̀ fìlà àti ṣòkòtò. Kí ìyá wé gèlè rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi eré lè ríran, kí afẹ́fẹ́ òkun má sì ṣí i lọ. Kí ó mú ìpèlé dání, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn a máa mú òtútù wá. Kí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ má ga, nítorí ilẹ̀ inú ọkọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ nígbà gbogbo.

Ohun kan wà tí ó ju gbogbo èyí lọ. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò bá gbéra, wọn yóò pe gbogbo èrò láti fi ibi tí wọn yóò sá sí hàn wọ́n, àti bí a ti ń wọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí àwa ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe jókòó sí yàrá máa to aṣọ nígbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ afẹ́ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí agogo mẹ́wàá kò tíì lù. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 4,000, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nídìí oúnjẹ alẹ́. Àwọn tí wọ́n wọlé ní ọjọ́ náà gan-an kò tíì gba ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀wù ìléfòó. Ènìyàn 32 ni ó kú. Lẹ́yìn èyí ni òfin àgbáyé yí padà, pé a gbọ́dọ̀ kọ́ èrò ní ẹ̀kọ́ náà kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí lójú ẹsẹ̀ tí ó bá gbéra. Ẹ rí i pé nínú ọkọ̀ tí ó tóbi jùlọ pàápàá, òfin omi ni ó ṣáájú òfin gbọ̀ngàn oúnjẹ.

Nínú Ọkọ̀ Tiwa Níhìn-ín

Ǹjẹ́ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí ó tóbi bí ìlú, mélòómélòó ni fún ọkọ̀ pákó tiwa? Ní ọjọ́ ìnáwó, àwọn èrò a máa wọ ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá ńlá, pẹ̀lú léèsì àti gèlè gogoro. Bí a bá na ẹ̀wù ìléfòó sí wọn, òmíràn a ní yóò rún léèsì òun, òmíràn a ní ó ń rùn ẹja, òmíràn a rẹ́rìn-ín, a ní, “Ṣé ọmọ Ìlàjẹ ni omi yóò gbé?” A bọ̀wọ̀ fún ìgboyà yìí, nítorí àwọn ọmọ etí òkun mọ̀ ọ́n wẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìbàǹtẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán kò tíì mọ bí ó ti rí láti fi agbádá lúwẹ̀ẹ́ ní òru.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Nígbà tí aṣọ bá wà nínú omi, ìwúwo rẹ̀ kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń pa ènìyàn lára, bí kò ṣe pé ó ń fa ni sẹ́yìn, ó sì ń lọ́ mọ́ ni. Ìró tí a ró ṣinṣin a so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Apá agbádá a wé mọ́ ọwọ́. Nígbà tí ẹni náà bá sì di etí ọkọ̀ mú tí ó fẹ́ gòkè, nígbà náà ni gbogbo omi tí aṣọ náà ti mu yóò di ẹrù sí i lára, tí agbára rẹ̀ kò fi ní í ká a mọ́.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ní òru mọ́jú ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn èrò tí wọ́n ti lọ jẹ àsè ìgbéyàwó ní Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger ń padà lọ sí ilé wọn ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọkọ̀ wọn dànù sínú odò Ọya. Àwọn tí ó kú lé ní 100, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Aṣọ ayọ̀ ni wọ́n wọ̀ kúrò nílé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Èkíní, ẹ má ṣe wọ aṣọ àsè nínú ọkọ̀. Ẹ ká a sínú àpò rọ́bà, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa kí omi má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ nígbà tí ẹ bá dé ilé ẹni tí ó pè yín, gẹ́gẹ́ bí àwọn èrò Aureol ti ń pààrọ̀ nínú yàrá wọn. Bí àsè bá parí, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sí èbúté.

Èkejì, aṣọ tí ẹ ó wọ̀ nínú ọkọ̀, kí ó fúyẹ́, kí ó má fẹ̀ jù, kí apá rẹ̀ gùn nítorí ẹ̀fọn àti atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kí a lè tètè rí i bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹni tí ó jókòó nítòsí ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣọ́ ìborùn rẹ̀. Bàtà gogoro kò yẹ afárá pákó. Ẹ fi í sínú àpò.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀wù ìléfòó ni kí ó wà lókè gbogbo aṣọ, kì í ṣe lábẹ́ agbádá. Ẹ de gbogbo okùn rẹ̀. Kí ẹnìkan gbé èjìká rẹ̀ sókè wò. Bí ó bá yọ dé etí yín, ó ti tóbi jù. Ẹ wo nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí i lára: èyí tí a kọ 50 sí wà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí; 100 wà fún omi tí ó parọ́rọ́; 150 ni ti ojú òkun. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ẹ má sì ṣe fi í ṣe tìmùtìmù, nítorí fóòmù inú rẹ̀ yóò tẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, tàbí kí ẹ sùn síbẹ̀. Àjọ ìjọba tí ń mójútó ọ̀nà omi abẹ́lé, NIWA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, kò fi àyè gba ìrìn òru fún ọkọ̀ èrò, ó sì pàṣẹ ẹ̀wù ìléfòó fún gbogbo èrò.

Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Ìnáwó

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ọ̀dọ̀ èrò. Ẹni tí ó pe ènìyàn kọjá omi ti gba ẹ̀mí wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí àsè bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, báwo ni àlejò yóò ti ṣe padà ní ojúmọmọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ kọ wákàtí tí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò gbéra sínú ìwé ìpè. Ẹ pèsè yàrá kan tí àlejò yóò ti pààrọ̀ aṣọ, àti ẹní fún ẹni tí yóò sùn.

A sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí i. Oṣù púpọ̀ ni a fi ń gbèrò aṣọ ẹbí: àwọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀, àti ẹni tí yóò rán an. Ìbá dára púpọ̀ bí ẹbí kọ̀ọ̀kan bá lè mú díẹ̀ nínú owó náà ra ẹ̀wù ìléfòó mẹ́wàá tàbí ogún, tí wọ́n mọ́, tí wọn kò rùn, tí a ó tọ́jú sílé tí a ó sì máa yá ara wa láti ìnáwó dé ìnáwó. Bí gbogbo èrò bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò tún tijú rẹ̀? Aṣọ tí gbogbo ẹbí bá jọ wọ̀ kì í ṣe aṣọ ojo. Òun gan-an ni aṣọ ẹbí fún gbogbo ará omi, léèsì sì ń bẹ nínú àpò tí yóò dúró de ibi àsè. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá; ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ ní àlàáfíà ni yóò tún rí ọjọ́ mìíràn wọ aṣọ.