Ọmọ Awo Kì Í Ṣe Ọmọ Ẹgbẹ́ Òkùnkùn

Ẹ̀yin ẹbí wa ní Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹru dé Ìṣarà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní JSS1 sí JSS3 ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ti ń kúrò lọ́mọdé tí wọn ò sì tíì dàgbà. Tíṣà ni mí, olórìṣà sì ni mí, nítorí náà etí méjèèjì ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá ti mọ̀ ní kíláàsì pé babaláwo ni bàbá ọmọ kan, ọ̀nà méjì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbà mú un. Àwọn kan á máa sá fún un, wọ́n á máa pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà. Àwọn kejì á sún mọ́ ọn, àwọn yìí ló sì léwu jù. Wọ́n á ní, "Bàbá ẹ lágbára jàre. Bá wa mú nǹkan wá látilé." Òǹdè ni wọ́n ń wá, ìfúnpá ni wọ́n ń wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń béèrè òkígbẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti ń yọ ṣùtì sí láti ọjọ́ tó ti wọlé, tí wọ́n wá sọ di ọ̀gá lójijì, kí ni kò ní mú wá?

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkígbẹ́ ṣe kò ṣókùnkùn sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn gba ẹ̀mí èèyàn ní Ṣágámù. Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí o. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà níbí, wà lára wọn. Wọn ò dá a sílẹ̀ láti pààyàn. Nígbà tó yá ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń yọ, tí àdá àti ìbọn wọ̀ ọ́, tó sì dé àdúgbò àti ilé-ìwé girama.

Àwọn èèyàn wá ń da èyí pọ̀ mọ́ awo tiwa. Lóòótọ́, awo ní ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ̀. Èmi obìnrin, n kì í rí Orò. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mú ọmọ mi lọ, mo sì mọ ilé ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò sí àgbà ẹbí kankan tó mọ̀ sí i, ẹ má pè é ní awo.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn ọmọ yìí ò gbọ́n. Ní 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí èèyàn 306 wa mọ́tò nínú géèmù kọ̀ǹpútà. Bí o bá ṣe rìn jìnnà tó ni máàkì rẹ ṣe máa pọ̀ tó, ṣùgbọ́n tí o bá pẹ́ jù kó o tó dúró, wàá forí sọ ògiri. Àwọn kan dá wà, àwọn kan ní ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 tí ẹgbẹ́ ń wò fi ara wewu ju àwọn tó dá wà lọ gan-an. Ní ti àwọn tó ti pé ọdún 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wíwò ẹgbẹ́ kò yí wọn padà. Ẹ ò rí i pé "ṣọ́ra o" tí à ń sọ fún ọmọ nílé nígbà tó dá wà kò tó? Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, á jẹ ìgbẹ́.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ ti yàrá oògùn yín, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ìkejì, ẹ kọ́ ọmọ ní èsì tó lè fọ̀ láìní í tẹ́: "Bàbá mi ló ni ín, tèmi kọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀." Nínú ogún, ẹnì kan ò ní tẹ̀ lé e délé. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kó pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ti súre fún wa. Ìjọba Ògùn wà lára àwọn tó kéde ìsinmi fún un ní 2023. Ọmọ tó ti jẹ àkàrà nílé wa kò ní rò pé agbárí èèyàn ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ọmọ tiwa náà kò sì ní máa wá ẹni tó máa gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

A máa ń fi ìrèké, àádùn àti ẹ̀pà bọ Ẹgbẹ́ Ọ̀run fún àwọn ọmọ wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ti ayé ńkọ́? Lálẹ́ òní, ẹ béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ yín, àti ilé tí wọ́n ń gbé. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ lówùúrọ̀.

A ò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ o. Àṣẹ.